Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Kí Ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Mọ̀ Nípa Eré Sísá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọbìnrin mi, tó ń sá eré 100 mítà, ní ìmọ̀ ìlò ara àti eré ìdárayá ni òun fẹ́ kà ní yunifásítì títí òun yóò fi di ọ̀jọ̀gbọ́n. Èmi rò pé orí pápá ni a ti ń kọ́ eré sísá. Ṣé iṣẹ́ gidi nìyẹn? — Bàbá kan tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀

ÌDÁHÙN: Iṣẹ́ gidi ni, Bàbá, orí pápá náà sì ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ wo Franklin Henry, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì California ní Berkeley, tó kọ́kọ́ gboyè nínú ìmọ̀ ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá kó tó di olùkọ́ eré ìdárayá. Nínú ìwádìí tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1952, ó so ẹ̀rọ mọ́ pátákó tí àwọn eléré ìje máa ń fẹsẹ̀ tì, kó lè mọ bí agbára ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe tó. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra ló ń tètè kúrò lórí pátákó, olùwòran yóò sì rò pé òun ló gbéra dáadáa jù. Àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ráyè tì tó, kò sì ní eré lẹ́sẹ̀ bíi ti ẹni tó fi nǹkan bí ínǹṣì 16 sí àárín ẹsẹ̀ rẹ̀, tó pẹ́ díẹ̀ kó tó kúrò. Ojú lásán kò lè rí èyí, bó ti wù kí kóòṣì gbọ́n tó.

Lọ́dún 1960, Henry àti Donald Rogers fi hàn pé ó máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i kí ènìyàn tó gbéra bí ohun tó fẹ́ ṣe bá díjú: kíká ìka kúrò lórí bọ́tìnì yá ju nína ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù tẹníìsì tó so rọ̀ lọ. Ọpọlọ ti ń to gbogbo ìṣe náà sílẹ̀ kí ara tó mira rárá. Èmi gbà pé ìwádìí yìí ló dára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà náà jìn, nítorí ọmọ yín gbọ́dọ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ní báyìí, kó mú ìṣirò, físíìsì àti bàọ́lọ́jì ní ọ̀kúnkúndùn, torí agbára, àkókò àti iṣan ni yóò máa wọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó fi eré sísá sílẹ̀.