Kí ló ń hù bí òwú aláǹtakùn nínú awò kámẹ́rà àtijọ́ n'Íjẹ̀bú-Òde?

Ebu ni, ọ̀rinrin ló ń fà á. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ju ìdá 60 nínú 100 lọ fún ọjọ́ púpọ̀, bó ṣe máa ń rí n'Íjẹ̀bú lásìkò òjò, ebu á rí ààyè. Yọ kámẹ́rà kúrò nínú àpò awọ rẹ̀, torí awọ máa ń fa omi mọ́ra. Gbé e sínú ike tó dé pinpin pẹ̀lú silica gel (hóró kéékèèké tó ń fa ọ̀rinrin mọ́ra), kí ọ̀rinrin ibẹ̀ wà láàárín ìdá 40 sí 50. (Ìrẹsì kò dára tó láti fi dípò silica gel: eruku rẹ̀ ń wọ inú kámẹ́rà.) Ebu tuntun ṣeé nù, èyí tó ti pẹ́ lè jẹ ojú gíláàsì, àpá rẹ̀ kì í sì í lọ mọ́.