Ẹ Bi Wá: Ṣé RAM tó yára ló máa jẹ́ kí ẹ́múlétọ̀ sáré?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mò ń lò, Core i5-6300U, RAM 8GB, ẹyọ kan ṣoṣo, DDR4 tí ìyára ẹ̀ jẹ́ 2133. PCSX2, ẹ́múlétọ̀ tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe bíi PS2, ni mo fi ń gbá géèmù PS2. Bọ́ọ̀lù PES ń lọ geere, ṣùgbọ́n tí n bá ti ṣí God of War II, ibi tí àwọn ọ̀tá bá ti pọ̀ báyìí, gbogbo ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín, ohùn á máa já. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ní kí n yọ RAM yẹn dànù kí n ra 3200, pé ìyẹn ló yára. Owó tó pè kì í ṣe kékeré. Ṣé kí n rà á? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, fi owó ẹ sápò ná. RAM 3200 yẹn á wọlé o, á sì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n 2133 náà lá máa sá, torí prósẹ́sọ̀ tó wà nínú láptọ́ọ̀pù ẹ, ibi tó lè dé pẹ̀lú DDR4 nìyẹn, Intel ò ṣe é fún ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó 3200 lo máa san, 2133 lo máa gbé relé.

Jẹ́ n sọ ohun tí ẹ́múlétọ̀ ń ṣe gan-an fún ẹ. PS2 tó jáde ní 2000, èdè tí prósẹ́sọ̀ ẹ̀ ń gbọ́ yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí Intel ń gbọ́. PCSX2 wá dà bí ògbufọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ ń sọ òyìnbó, òun ń yí i sí Yorùbá kíákíá kí ìjọ tó sùn lọ. Ó tún gbọ́n, gbólóhùn tó bá ti túmọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á kọ ọ́ sílẹ̀, tí pásítọ̀ bá tún padà sọ ọ́, èyí tó ti kọ sílẹ̀ lá kàn kà. RAM ni ẹni tó ń na ìwé sí ògbufọ̀ yìí. Tí ẹnu ògbufọ̀ bá wúwo, kí lẹni tó ń na ìwé fẹ́ ṣe sí i? Kò báà sáré bí ehoro, ìwàásù ò ní yá sí i. Gbogbo RAM tí PS2 ní lódindi ò ju 32MB lọ, torí náà púpọ̀ nínú ohun tí ẹ́múlétọ̀ ń lò ní lemọ́lemọ́ ti wà nínú káàṣì, ìyẹn mẹ́mórì kékeré tó wà nínú prósẹ́sọ̀ fúnra ẹ̀, kì í fi gbogbo ìgbà sáré lọ bá RAM.

Iṣẹ́ PCSX2 kì í tún pín sọ́wọ́ èèyàn púpọ̀. Apá mẹ́ta ló wúwo níbẹ̀, EE tó ń darí géèmù, VU tó ń ṣírò àwọn nǹkan 3D, àti GS tó ń ya àwòrán, tí ọ̀kan bá ti kún, àwọn tó kù á dúró dè é. Core, ìyẹn òṣìṣẹ́ inú prósẹ́sọ̀, méjì péré ni i5-6300U ní, tó bá sá débi tó lè sá dé, 3.0GHz ni. Ibẹ̀ lara ti ń fu mí.

Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún ẹ pé RAM ò já mọ́ nǹkan kan. Láptọ́ọ̀pù ẹ ò ní graphics card tiẹ̀, HD 520 tó wà nínú prósẹ́sọ̀ ló ń ya àwòrán, inú RAM kan náà tí Windows ń lò lòun náà ti ń bù. Ẹyọ RAM kan tó jẹ́ 2133, nǹkan bíi 17GB ló lè gbé ní sẹ́kọ́ndì kan. Nǹkan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín níbí ni pé mẹ́mórì kékeré 4MB tó wà nínú graphics PS2 àtijọ́ yẹn, 48GB ló ń gbé ní sẹ́kọ́ndì kan, arúgbó yẹn ò rọrùn o! Tó o bá wá gbé Internal Resolution, ìyẹn ìwọ̀n tí PCSX2 fi ń ya àwòrán, lọ sí 3x, HD 520 àti prósẹ́sọ̀ á máa tò sídìí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo. Tí RAM bá di méjì, ẹ̀rọ omi di méjì nìyẹn, 34GB. Torí náà tó bá di dandan kó o náwó, 8GB míì tó jẹ́ 2133 kan náà ni kó o rà, kó o kì í sínú ihò kejì, má yọ ti tẹ́lẹ̀. Ṣáà kọ́kọ́ wò ó bóyá ihò kejì wà o, láptọ́ọ̀pù míì wà tó jẹ́ pé wọ́n ti sódà RAM ẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù.

Kó o tó ná kọ́bọ̀ ṣá, ṣe àyẹ̀wò yìí. Lọ síbi tí God of War yẹn ti máa ń wọ́, kó o dá Internal Resolution padà sí Native, ìwọ̀n PS2 fúnra ẹ̀. Tó bá sá dé 100%, graphics àti RAM ló ń dí i lọ́wọ́, RAM kejì á ràn ẹ́ lọ́wọ́ nìyẹn. Tó bá ṣì ń wọ́ bó ṣe ń wọ́, prósẹ́sọ̀ ni, kò sí RAM tí wọ́n ń tà ní Computer Village tó lè wò ó sàn. PCSX2 tiẹ̀ lè kọ bí EE, GS àti VU ṣe ń ṣiṣẹ́ tó sójú skríìnì, tan án nínú settings, èyí tó bá ń lù 95% sókè, òun lẹlẹ́ṣẹ̀.

Ó ku ohun kan táwọn tó ń ta RAM kì í sọ. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, eruku tó wà nídìí fáànù ẹ̀, láti ìlú òyìnbó ló ti ń kó o bọ̀. Prósẹ́sọ̀ tó bá ti gbóná jù á dín ìyára ẹ̀ kù fúnra ẹ̀, kò ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ. Èmi náà ra RAM nígbà kan, géèmù ò yípadà, àfìgbà tí mo tú fáànù, tí mo fọn eruku ẹ̀, tí mo pààrọ̀ páàsìtì tó ń fa ooru kúrò lórí prósẹ́sọ̀, ló bá ń sáré! Inú bí mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Kí ṣájà sì wà lára láptọ́ọ̀pù tó o bá ń gbá géèmù, má gbá a lórí bátìrì.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, desktop ni tèmi, Ryzen 5 3600, RAM 8GB méjì tí wọ́n kọ 3200 sí lára, àmọ́ 2133 ni mò ń rí nínú Task Manager. Géèmù PS3 lèmi àtàwọn ọmọ ń gbá lórí RPCS3. Ṣé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì ni? (Bàbá Ìbejì, Manchester)

ÌDÁHÙN: Rárá o, sà. Tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ nǹkan kan fún un, ìyára kékeré báyẹn ni irú RAM bẹ́ẹ̀ máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ inú BIOS, ojú ètò tó wà kí Windows tó tàn, kẹ́ ẹ tan XMP tó ń jẹ́ kí RAM sá dé iye tí wọ́n kọ sí i lára, bọ́ọ̀dù míì ń pè é ní DOCP. Tiyín yàtọ̀ sí ti àbúrò Òṣogbo, torí core mẹ́fà tó wà nínú Ryzen yẹn pín sọ́nà méjì, mẹ́ta-mẹ́ta, ohun tí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ sọ fún èkejì, orí Infinity Fabric, ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀ nínú prósẹ́sọ̀, ló ń gbà, ìyára Fabric yìí sì ń bá ti RAM rìn. PS3 fúnra ẹ̀, SPU, ìyẹn prósẹ́sọ̀ kéékèèké inú ẹ̀, mẹ́fà ló gbé sílẹ̀ fún géèmù, torí náà RPCS3 máa ń pín iṣẹ́ kiri gbogbo core, ọ̀rọ̀ á máa lọ, á máa bọ̀. Ẹ máa rí ìyàtọ̀, pàápàá níbi tó ti máa ń ta kọ́sẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má retí kí àwòrán 30 ní sẹ́kọ́ndì kan di 60 o. Tí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ tí ò tàn mọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ tan XMP, ẹ dín in sí 3000.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ní fóònù tí wọ́n kọ 4GB+4GB sí dáa ju ti 6GB lọ fún PPSSPP, pé mẹ́jọ ju mẹ́fà lọ. Òótọ́ ni àbí ó fẹ́ fi mí náwó? (Ìyá kan, Ṣágámù)

ÌDÁHÙN: Ìṣirò ẹ̀ dáa, mà, ọjà ni ò dáa. 4GB ẹ̀yìn yẹn kì í ṣe RAM, ibi tí fóònù ń kó fọ́tò àti fídíò sí ni wọ́n ti bù ú, kò sì lè yára tó RAM gidi láyé. PSP tí PPSSPP ń ṣe bíi rẹ̀, 32MB ni RAM ẹ̀ nígbà tó jáde, 64MB làwọn tó dé lẹ́yìn, kò sóhun tó fẹ́ fi 8GB ṣe. Prósẹ́sọ̀ fóònù méjèèjì ni kẹ́ ẹ fi wéra. Tí èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí bá ń wọ́, ẹ ní kó yan Vulkan níbi Backend nínú settings PPSSPP, kó dá Rendering Resolution padà sí 1x tàbí 2x, skríìnì PSP gan-an ò ju 480 sí 272 lọ, kó wá tún un gbá kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà.