Láptọ́ọ̀pù mi ń dákú nídìí graphics, ta ni kí n fẹjọ́ sùn?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ubuntu ni mo ń lò lórí láptọ́ọ̀pù AMD mi. Tí mo bá ṣí app tí mo fi ń ṣe àwòrán 3D, tó bá yá ojú síkíríìnì á dàrú, àwọ̀ á pò mọ́ra, ẹ̀rọ á wá hang pátápátá. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe app náà, wọ́n ní driver, ìyẹn ètò tó ń darí káàdì graphics, ló fà á, kì í ṣe tàwọn. Ta ni kí n wá lọ bá?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà o. Wọ́n lè jàre, àmọ́ ẹ dán an wò fúnra yín kẹ́ ẹ tó gbà. Ká ní Blender ni, ẹ ṣí terminal kẹ́ ẹ tẹ LIBGL_ALWAYS_SOFTWARE=1 blender, ìyẹn á sọ fún Mesa, tó jẹ́ driver OpenGL tí Linux ń lò fún AMD àti Intel, pé kó fi káàdì graphics sílẹ̀, kí processor máa dá ya gbogbo ẹ̀. Á falẹ̀ gan-an, ẹ ní sùúrù. Tí nǹkan ò bá dàrú mọ́, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ driver ló ti ń wá nìyẹn. Tó bá ṣì ń dàrú, ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn tó ni app, kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún wọn.

Tó bá jẹ́ driver, gitlab.freedesktop.org lẹ máa gbà lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀ka Mesa, tó bá wá jẹ́ ti kernel, ìyẹn ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ, ẹ̀ka drm/amd wà níbẹ̀ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Tí ẹ̀rọ bá ti hang tẹ́ ẹ sì tún un tàn, ẹ tẹ journalctl -k -b -1 > log.txt, ohun tí kernel sọ kí ẹ̀rọ tó kú ló máa wà nínú fáìlì yẹn. Ẹ wá ibi tó ti kọ amdgpu àti ring gfx timeout, nítòsí ibẹ̀ ló sábà máa ń dárúkọ app tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Fáìlì yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, ẹ má fi fóònù ya síkíríìnì, torí kò sẹ́ni tó lè search inú fọ́tò. Ẹ fi èsì glxinfo -B (tó ń sọ káàdì àti Mesa tẹ́ ẹ ń lò) àti uname -r (tó ń sọ kernel tẹ́ ẹ ń lò) kún un. Mesa tuntun náà ńkọ́? Ẹ fi Fedora, ìyẹn Linux míì, èyí tó jáde kẹ́yìn, sórí flash, kẹ́ ẹ fi boot ẹ̀rọ láì install nǹkan kan, torí ó lè jẹ́ pé wọ́n ti tún un ṣe tipẹ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni apitrace. Ẹ tẹ apitrace trace blender, kẹ́ ẹ ṣe ohun tó ń fa wàhálà náà, gbogbo ohun tí app ń bi driver ló máa gbà sílẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú Mesa lè wá play ẹ̀ lórí ẹ̀rọ tiẹ̀, tó bá dàrú lọ́dọ̀ tiẹ̀ náà, kò tún ní máa bi yín pé ṣé ó dá yín lójú. Àmọ́ àwòrán tẹ́ ẹ ń ṣe á wà nínú trace yẹn o, tó bá jẹ́ iṣẹ́ oníbàárà, ẹ fi fáìlì míì tí kò ní àṣírí ṣe é.