Ẹ̀rí Ilé Ìwòsàn fún Owó Ìrànwọ́ PIP: Orúkọ Àìsàn Nìkan Kò Tó

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni ọdún 34 ni mí, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì ti dàgbà. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni mo ń bá yí. Mo fẹ́ gba owó ìrànwọ́ PIP tí ìjọba ń fún àwọn aláìlera, ìwé ìbéèrè sì ti dé ọwọ́ mi. Dókítà mi fún mi ní lẹ́tà onílà mẹ́ta tó sọ pé lóòótọ́ ni mo ní àrùn náà. Ṣé ó ti tó, àbí ẹ̀rí wo ni kí n tún kó jọ? Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ara mi kì í rí bákan náà lójoojúmọ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, arábìnrin wa, ara á le. Lẹ́tà onílà mẹ́ta yẹn kò tó. Ẹ fi í kún ìwé tí ẹ máa fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá yín jiyàn lé lórí ló ń jẹ́rìí sí. Láti oṣù kẹrin ọdún 2013 tí PIP ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orúkọ àìsàn ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó yẹ kó gbà á, bí kò ṣe ohun tí àìsàn náà kò jẹ́ kí onítọ̀hún lè ṣe. Nǹkan 12 ni wọ́n ń yẹ̀ wò: mẹ́wàá nínú wọn jẹ mọ́ ìgbésí ayé ojoojúmọ́, bíi síse oúnjẹ, wíwẹ̀ àti wíwọ aṣọ, méjì tó kù sì jẹ mọ́ rírìn àti jíjáde kúrò nílé. Máàkì ni wọ́n ń fún ènìyàn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pé 8 ní apá kan yóò gba owó apá náà, ẹni tó bá sì ní 12 yóò gba iye tó pọ̀ jù.

Ẹ wá fi èyí wo lẹ́tà yòówù tí ẹ bá ní lọ́wọ́. Bí dókítà bá kọ ọ́ pé “ó máa ń rẹ̀ ẹ́ bó bá rìn,” ẹni tó ń fúnni ní máàkì kò rí nǹkan kan dì mú. Ṣùgbọ́n bó bá kọ ọ́ pé ẹ lè dá rìn kọjá mítà 20, tí ìrora kò sì jẹ́ kí ẹ kọjá 50, máàkì 8 ni òfin là kalẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Òfin tún sọ pé a kò gbọ́dọ̀ kà á sí pé ènìyàn lè ṣe nǹkan àfi bó bá lè ṣe é láìséwu, kó ṣe é bó ṣe yẹ, kó lè tún un ṣe nígbàkigbà tó bá yẹ, kó má sì pẹ́ lórí rẹ̀ ju ìlọ́po méjì àkókò tí ẹni tí kò ní àìlera máa lò. Bí ẹ bá ń wẹ̀ fúnra yín, ṣùgbọ́n tí ẹ gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ fún wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó hàn nínú ìwé.

Ní ti ara tí kì í rí bákan náà, ohun tí wọ́n ń wò ni bó ṣe máa ń rí ní ọjọ́ tó ju ìdajì lọ láàárín oṣù 12, ìyẹn oṣù mẹ́ta tó ti kọjá àti mẹ́sàn-án tó ń bọ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ní irú àìsàn yín ti máa ń ṣòro, nítorí ọjọ́ tí wọ́n dá yín dúró sí ọsíbítù nìkan ló wà nínú ìwé ọsíbítù. Ọjọ́ tí ẹ lo oògùn ìrora tí ẹ sì fara dà á nílé, àti ọ̀sẹ̀ tí agbára kò fi padà sí yín lára lẹ́yìn tí ìrora ti lọ, kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan. Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ sílẹ̀ láti òní: déètì, ohun tí ẹ kò lè ṣe, ẹni tó bá yín ṣe é, àti oògùn tí ẹ lò. Kí ẹni tó ń tọ́jú yín náà kọ lẹ́tà tirẹ̀ nípa ohun tó ń fojú ara rẹ̀ rí.

Ẹ tún wá lẹ́tà dókítà ẹ̀jẹ̀ tó ń tọ́jú yín, ìwé tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ kúrò ní ọsíbítù, àkójọ oògùn yín, àti àbọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera yòówù tó bá ti wá wo ilé yín láti mọ irú ohun èlò tó yẹ yín. Nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó yín déédéé lè mọ̀ nípa yín ju dókítà àgbà tí ẹ ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ. GP, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, lè gba owó kí ó tó kọ lẹ́tà tuntun, bẹ́ẹ̀ ìjọba kò ní kí ẹ ra ẹ̀rí. Ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìlera yín fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni lábẹ́ òfin, oṣù kan ni wọ́n sì sábà ní láti fi kó o fún yín. Ẹ má ṣe fi káàdì ìpàdé dókítà tàbí ìwé tó kàn ń ṣàlàyé àrùn náà fún gbogbo ayé kún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ń pa àwa Yorùbá lára nínú ọ̀rọ̀ yìí. Dókítà á béèrè pé báwo ni ara, a ó ní “a dúpẹ́,” òun náà á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara aláìsàn le. Ìwé yẹn kan náà ni yóò dé iwájú ẹni tó ń ṣe ìpinnu, tí yóò sì tako ohun tí ẹ kọ sínú ìwé ìbéèrè. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run o, ṣùgbọ́n kí ẹ tó dìde níwájú dókítà, ẹ sọ iye ìgbà tí ìrora dé láti ìgbà tí ẹ ti rí ara yín kẹ́yìn àti ohun tó dá dúró.

Oṣù kan ni wọ́n fún yín láti dá ìwé ìbéèrè padà. Bí ẹ̀rí kan bá ń pẹ́, ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ dá ìwé dúró. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń bọ̀. Ẹ̀dà ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kí orúkọ yín àti nọ́ńbà National Insurance yín sì wà lórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ ìlera tó máa ṣe àyẹ̀wò yín lè kọ̀wé sí dókítà yín, ṣùgbọ́n kò pọn dandan fún un, ẹ má fi ọkàn tẹ̀ ẹ́. Fún àwọn òǹkàwé mìíràn tí físà wọn sọ pé wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìjọba, PIP wà lára owó náà. Kí wọ́n rí agbẹjọ́rò físà kí wọ́n tó béèrè ohunkóhun.

ÌBÉÈRÈ: Wọn kò fún ọkọ mi ní PIP lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Lẹ́yìn èsì náà, ara rẹ̀ tún burú sí i, dókítà sì ti kọ lẹ́tà tuntun. Ṣé a lè lò ó?

ÌDÁHÙN: Ẹ lè lò ó, ìyá wa, ṣùgbọ́n ẹ ka lẹ́tà náà dáadáa ná. Láàárín oṣù kan sí déètì tó wà lórí èsì ni kí ẹ ti ní kí wọ́n tún ìpinnu náà gbé yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá tún kọ̀, ẹ ní oṣù kan mìíràn láti gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ adájọ́. Bí ara ọkọ yín ṣe rí ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìpinnu ni ìgbìmọ̀ náà yóò wò. Bí lẹ́tà bá ń sọ̀rọ̀ bó ṣe rí nísinsìnyí nìkan, wọ́n lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí náà ẹ bẹ dókítà kó ṣàlàyé bó ṣe wà nígbà náà. Ní ti bí ara rẹ̀ ṣe burú sí i lẹ́yìn ìpinnu náà, ìbéèrè PIP tuntun ni ẹ lè fi gbé e kalẹ̀. Àwọn Citizens Advice, àjọ tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn tí kì í sì í gba owó, lè bá yín wo èyí tó sàn jù kí oṣù kan náà tó pé.