Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣàìsàn lẹ́wọ̀n, ta la máa bẹ̀ kí wọ́n lè tú u sílẹ̀?

Ẹ wo òfin tí wọ́n rú ná. Tó bá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, bí oògùn olóró, ààrẹ ló lè dárí jì wọ́n, lẹ́yìn tó bá ti fọ̀rọ̀ lọ Council of State, ìgbìmọ̀ tó ń gba ààrẹ nímọ̀ràn (abala 175 ìwé òfin 1999). Tó bá jẹ́ òfin ìpínlẹ̀, gómìnà ni (abala 212). Ẹ má kọ lẹ́tà gómìnà sí Abuja o.

Ìwé dókítà lágbára ju ẹkún lọ. "Ara wọn ò yá" ò tó; kí ìwé náà dárúkọ àrùn, kó sọ ìtọ́jú tí ọgbà ẹ̀wọ̀n ò lè ṣe. Ní April 2022 tí wọ́n dárí ji èèyàn 159, ọjọ́ orí àti àìlera wà lára ohun tí wọ́n sọ nípa Joshua Dariye àti Jolly Nyame, àwọn gómìnà àná tó kówó ìlú jẹ. Ariwo pọ̀ nígbà náà, ó sì yẹ kó pọ̀.

Tí ẹjọ́ ò bá tíì parí ńkọ́? Béèlì ni kí lọ́yà yín tọrọ nílé ẹjọ́.