Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n: Ṣé lóòótọ́ ni Nakano gba ife àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹwàá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní ará Jàpáàn kan gba ife àgbáyé nínú eré kẹ̀kẹ́ sprint lẹ́ẹ̀mẹwàá léraléra, mo ní irọ́ ni, torí mo wá orúkọ ẹ̀ títí láàárín àwọn tó gba góòlù Òlíńpíìkì, mi ò rí i. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ọ̀rẹ́ ẹ ló jàre, yáa lọ ra mínírà fún un. Koichi Nakano lorúkọ ọkùnrin yẹn, ọmọ ìlú Kurume, láti 1977 títí dé 1986 kò sẹ́ni tó rí ife yẹn gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ti Òlíńpíìkì yẹn, láyé ìgbà yẹn wọn kì í jẹ́ kẹ́ni tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun débẹ̀ rárá, ó di 1996 kí wọ́n tó gbà wọ́n láàyè, Nakano sì ti fẹ̀yìntì ní 1992.

Iṣẹ́ ẹ̀ gan-an ni keirin, eré kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́ ní Jàpáàn, Kokura ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1948. Ẹni mẹ́sàn-án ló ń gùn ún lẹ́ẹ̀kan, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ aṣọ tiẹ̀ kí onítẹ́tẹ́ lè mọ ẹni tó fowó lé, wọ́n á ti gba fóònù lọ́wọ́ wọn, wọ́n á kó wọn pamọ́ síbì kan títí eré á fi parí kẹ́nikẹ́ni má bàa fún wọn ní rìbá. Ní 1980 nìkan owó tí Nakano rí níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 100 yẹ́ẹ̀nì, ìwọ náà rò ó wò, ta ló máa fìyẹn sílẹ̀ torí mẹ́dàlì?

Sprint fúnra ẹ̀ wá nìyí, ẹni méjì péré, kẹ̀kẹ́ tí ò ní bíréèkì, gíà kan ṣoṣo. Ẹni iwájú ló ń fàyà gba atẹ́gùn, ẹni ẹ̀yìn á sá pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀ títí á fi ku díẹ̀ kó tó yọ sí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, nígbà míì wọ́n á dúró pátápátá lórí kẹ̀kẹ́ láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀, kálukú ń retí kí ẹnìkejì lọ síwájú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wò ó, mo rò pé tẹlifíṣọ̀n wa ló há.

Bí ọ̀rẹ́ ẹ bá tún wá ń halẹ̀, sọ fún un pé keirin ti wọ Òlíńpíìkì láti Sydney 2000, títí dé Paris 2024 àwọn ará Jàpáàn tó ni ín ò tíì rí góòlù kankan mú níbẹ̀, idẹ kan péré ni, ní Beijing 2008.