Sójà àjèjì ló pa àbúrò mi, ibo ni mo lè fẹjọ́ sùn?

ÌBÉÈRÈ: Agbẹjọ́rò wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣábẹ̀ẹ́ ni mo ń gbé. Abúlé kan lẹ́bàá Mopti, ní Mali, ni àbúrò mi ti ń ta aṣọ. Ní 2022, àwọn sójà funfun tó bá sójà Mali rìn yìnbọn pa á. Wọ́n ní orílẹ̀-èdè wọn kò sí nínú ilé-ẹjọ́ àgbáyé, pé kí n gbẹ́nu dákẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àráfẹ́rakù, ìyá wa. Kì í ṣòótọ́, àmọ́ irọ́ pátápátá náà kọ́.

Ilé-ẹjọ́ tó wà ní La Haye, CPI tí à ń gbọ́ lórí rédíò, ilé-ẹjọ́ àgbáyé tó ń ṣẹjọ́ ọ̀daràn ogun, kì í wo ọmọ ibi tí ọ̀daràn jẹ́ nìkan. Ó tún ń wo ilẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ta sí. Mali ti fọwọ́ sí Àdéhùn Róòmù, àdéhùn tó dá ilé-ẹjọ́ náà sílẹ̀, láti 2000, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé ọ̀ràn ilẹ̀ rẹ̀ lọ síbẹ̀ ní 2012. Ká ní ọmọ Rọ́ṣíà ni àwọn sójà funfun náà: Rọ́ṣíà kò sí nínú àdéhùn náà, síbẹ̀ ọmọ Rọ́ṣíà tó bá pa aláṣọ tí kò gbébọn ní Mali lè jẹ́jọ́ níbẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ti oṣù kẹsàn-án 2025 já yín láyà, nígbà tí Mali, Niger àti Burkina Faso kéde pé àwọn ti jáde lójú ẹsẹ̀. Abala 127 àdéhùn náà kò gba ìyẹn: ó di ọdún kan tí Akọ̀wé Àgbà UN bá ti gba lẹ́tà ìjáde, ọ̀ràn tó sì ti ṣẹ̀ ṣáájú kò bá a lọ. Ti 2022 ṣì wà nílẹ̀.

Lẹ́tà lásán la fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́ sí ọ́fíìsì olùpẹjọ́ ibẹ̀ lédè Faransé, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kọ ọjọ́, ibi, aṣọ tí wọ́n wọ̀, èdè tí wọ́n sọ, àmì ara ọkọ̀ wọn. Ẹ ya ohun tí ẹlẹ́rìí fojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára “a gbọ́ pé”. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó dé ọwọ́ mi ti ń bàjẹ́. Tí fọ́tò bá wà, ẹ tọ́jú fóònù tó yà á, torí èyí tó bá gba WhatsApp kọjá ti sọ ọjọ́ àti ibi rẹ̀ nù. Ẹ má sì kọ orúkọ ẹlẹ́rìí sórí Facebook láé.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ilé-ẹjọ́ náà kò ní ọlọ́pàá, ọ̀gá ló sì ń wá ju ẹni tó yìnbọn lọ. Ìjọba náà sì lè sẹ́: ẹ wo ti abúlé Moura, ní agbègbè Mopti kan náà. Ní 2023, UN ní ó kéré tán, 500 ènìyàn ni sójà Mali àti àwọn ológun àjèjì pa níbẹ̀ láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ìjọba Mali ní irọ́ ni.

Kí n tó bá yín kọ ọ́, ẹ bi ẹlẹ́rìí yín: ṣé wọ́n dé fìlà búlúù tí sójà UN tó ń ṣọ́ àlàáfíà máa ń dé? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìlú tó rán wọn wá, kì í ṣe Mali, ló ní àṣẹ láti bá wọn ṣẹjọ́, ìjọba ibẹ̀ la ó sì kọ́kọ́ kọ̀wé sí.